Ìkérora Ẹni Tó Wà Nísàlẹ̀

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, inú ìwé nìkan ló kù sí. Rọra ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Iṣẹ́ kíkó ẹrù ilé ló ń ṣe. Ẹni tó bá ń kó kúrò nílé kan bọ́ sí òmíràn, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò ránṣẹ́ pè. Bí wọ́n bá ń gbé dígí, á ní, "Rọra." Bí wọ́n bá ń tú bẹ́ẹ̀dì, á ní, "Rọra." Ìyàwó rẹ̀ sọ fún àwọn ará ilé nígbà kan pé ọkọ òun sọ ọ́ lójú oorun, òun sì rọra sún fún un lóòótọ́.

Ẹni tó bá rò pé agbára ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí kò tíì gbé kọ́bọ́ọ̀dù gba ojú àtẹ̀gùn tóóró rí. Rọra á kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn náà lọ́wọ́ òfo, á fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ibi tí ògiri ti yà, á wò ó bóyá ilẹ̀kùn ni kí wọ́n yọ ni tàbí ẹsẹ̀ tábìlì. Á fi búláńkẹ́ẹ̀tì àlòkù wé ohun gbogbo tó bá lè bó tàbí kó fọ́. Á da àwọn nọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀dì sínú agolo mílíìkì, á sì so agolo náà mọ́ bẹ́ẹ̀dì tó ni ín. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni yóò wí, àwọn ọmọ iṣẹ́ á sì bá a parí rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé: "Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko."

Òfin kan wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ tó ju gbogbo òfin lọ. Bí ẹrù bá wúwo, tí wọ́n ń gbé e gòkè, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń ru èyí tó pọ̀ jù, ẹni tó wà lókè kò sì lè rí ojú rẹ̀, torí ẹrù ti dí wọn láàárín. Nítorí náà, ẹni ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ kérora. Bó bá ti ṣe "Hẹ̀ẹ̀n!" báyìí, kò sí ìbéèrè, kò sí àlàyé, gbogbo ọwọ́ á sọ ẹrù kalẹ̀ níbi tí wọ́n bá wà, wọ́n á mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó tún gbé e.

"Ẹni tó bá kérora ni ọ̀gá," ni Rọra máa ń sọ fún ẹni tuntun. "Èmi kọ́ ni ọ̀gá níbẹ̀. Bó o bá dákẹ́ torí pé ojú ń tì ẹ́, o ti purọ́ fún mi nìyẹn."

Wọ́n ń kọ́ wọn ní kíkérora bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní dídi okùn. Ó mọ́ àwọn kan lára débi pé bí wọ́n bá délé, tí wọ́n fẹ́ mú ṣíbí nílẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ kérora, àwọn ìyàwó wọn á sì sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kò sí ẹni tí ìkérora rẹ̀ ṣeé gbára lé tó ti Àbúrò. Àbúrò Rọra ni, ọmọ ìyá rẹ̀, ọkùnrin tó ti níyàwó, tó ti bímọ, àmọ́ gbogbo ibi iṣẹ́ ló ń pè é ní Àbúrò, títí kan àwọn tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un mọ́ra. Èjìká rẹ̀ fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, bí ẹni pé ìsàlẹ̀ ẹrù ni wọ́n dá a fún. Ìkérora rẹ̀ kì í yá jù, kì í sì í pẹ́ jù. Rọra lè di ojú lókè, kó sì mọ̀ láti inú ohùn yẹn bóyá ẹsẹ̀ ló ń yọ̀ ni, bóyá ẹ̀yìn ló ń dùn ún, tàbí ebi lásán ni.

Gbọ̀ọ̀rọ̀ ló mú irin wá.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ni Gbọ̀ọ̀rọ̀, ó gùn bí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ó sì lawọ́. Bó bá ní búrẹ́dì kan, á bù ú kárí. Ọwọ́ awakọ̀ kan ló ti gba àwọn hóró oògùn pupa náà. Oògùn ìrora gidi ni, irú èyí tí dókítà máa ń fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ tó wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi. Láàárín àwọn awakọ̀, ojú ni wọ́n ní ó ń fún àwọn. "Ojú mi ti là," ni wọ́n á wí, ọmọlójú wọn á sì ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. Nídìí ẹrù, irin ni. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́ lára wọn, wọ́n á ní, "Irin ti wọlé." Bó bá wá kúrò lára, tí òógùn tútù bò wọ́n, tí inú ń lọ́ wọn, tí wọ́n ń bá ara wọn jà nítorí okùn, wọ́n á ní, "Mo ti dípẹtà." Irin ni wọ́n sì tún fi ń wo ìpẹtà sàn. Ẹ wo ọgbọ́n àgbà ọkùnrin. Alágbẹ̀dẹ wo lẹ rí tó ń fi irin pa ìpẹtà?

Rọra náà lò ó. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́. Ó bi Gbọ̀ọ̀rọ̀ pé kí ni nǹkan náà ń ṣe nínú ara.

"Agbára ni, ọ̀gá. Irin ni. Ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ gbé nǹkan."

"Kò ní ṣe mí léṣe?"

"Ẹ wò mí. Ṣé mo jọ ẹni tí nǹkan ń ṣe?"

Rọra wò ó, kò rí nǹkan kan, ó gbé e mì. Kó tó di ọ̀sán, orúnkún ti dákẹ́. Agbára ni wọ́n pè é, òun náà sì gbà pé agbára ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù kò fúyẹ́ sí i, egungun wọn kò sì nípọn ju ti àná lọ. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé ẹ̀yìn wọn ń pariwo, wọn kò sì gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìkérora pòórá lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ń gbé ẹrù láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìdúró. Àwọn oníbàárà ń yìn wọ́n. Ọkùnrin kan tí wọ́n ti kó ẹrù fún rí ní òun kò mọ̀ pé èèyàn lè kó odindi ilé láìpariwo bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ìdákẹ́jẹ́ yẹn dẹ́rù ba Rọra, torí òun fúnra rẹ̀ ló ṣòfin, àmọ́ ìyìn ti kún un létí. Bó bá bi Àbúrò láti òkè pé, "Ṣé o wà ńbẹ̀?" ìdáhùn á jáde lábẹ́ ẹrù pé, "Irin!" Rọra á rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa lọ. Ó tiẹ̀ ń fi wọ́n yangàn fún àwọn akẹ́rù mìíràn. Á ní, "Kì í rẹ àwọn ọmọ tèmi mọ́. Irin ni wọ́n."

Ẹ̀rọ ìfọṣọ kan ló tú àṣírí náà. Alágbàfọ̀ kan ń kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ ńlá tó fi ń jẹun sì wà lára ẹrù. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé páànù lásán ni. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń di kọnkéré sí, kó má baà máa fò kiri bó bá ń gbọn omi kúrò lára aṣọ. Rọra mọ̀. Ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e, ó dè é lókùn, òun àti Gbọ̀ọ̀rọ̀ di òkè mú. Àbúrò nìkan ló wà nísàlẹ̀, torí àtẹ̀gùn náà kò gbà ju ẹnì kan lọ.

Ìyàwó Àbúrò ti ń ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ òsì ọkọ òun ń wọ́lẹ̀ bó bá ń lọ sí balùwẹ̀. Ó sọ fún un. Àbúrò ní irin kì í ṣàìsàn.

Ní ìdajì àtẹ̀gùn, Rọra tẹ́tí sílẹ̀ bó ṣe mọ́ ọn lára. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ṣé o wà ńbẹ̀?"

"Irin!"

Wọ́n gun àtẹ̀gùn kan sí i. Lójijì ẹrù náà wúwo lọ́wọ́ Rọra bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan nísàlẹ̀ mọ́. Okùn bó o lọ́wọ́, ẹ̀rọ náà yí, ó lu ògiri, ó sì há sáàárín ògiri àti irin ọwọ́ àtẹ̀gùn. Ká ní kò há ni, ọ̀tọ̀ ni ohun tí à bá máa sọ. Rọra gba orí ẹ̀rọ náà kọjá bí ọmọdé. Àbúrò ló bá lórí ìjókòó, tó ń rẹ́rìn-ín ìtìjú.

"Ẹsẹ̀ mi yọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi."

"Dìde."

Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ òsì kò bá a dìde. Ó tún gbìyànjú, ó tún jókòó, ó sì ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń wo àlejò tí kò kí i. Bàtà ẹsẹ̀ náà ti bọ́, ó ti yí dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Rọra lọ mú un wá, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Bàtà ta nìyí?" ni Àbúrò béèrè.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà tó rí wọn jẹ́ obìnrin kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ṣé ẹ̀yìn ń dùn yín?"

"Rárá, mà. Irin ṣì wà lára mi."

"Irin wo?"

Gbọ̀ọ̀rọ̀ gbójú sókè, ó ń wo àjà. Rọra mọ̀ pé bí òun bá là á, òkìkí á kàn, kò sì sẹ́ni tó máa gbé dígí ilé rẹ̀ lé ẹni tó ń lo oògùn lọ́wọ́. Ó wo bàtà tó wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

"Oògùn ìrora ni, mà," ló wí. "A ò ṣàìsàn. A kàn ń lò ó ni, gbogbo wa."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà máa jáde lẹ́nu rẹ̀ láìwọṣọ. Ojú tì í gidigidi.

Dókítà ní ó ti pẹ́ tí ẹ̀yìn Àbúrò ti ń bàjẹ́. Ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ti yọ, ó ti tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì yẹ kí Àbúrò ti máa pariwo ìrora láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Lẹ́yìn náà, dókítà pe Rọra àti ìyàwó Àbúrò sí ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yẹn lè padà wá, ó sì lè má padà mọ́," ló wí. "Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa retí ni ìrora. Ọjọ́ tó bá ké pé ẹsẹ̀ ń dun òun, ẹ pè mí kíá, torí ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Oògùn yẹn ńkọ́, a ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì jẹ́ kó lò kún un. Bó bá ń lò kún un, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ń sọ̀rọ̀."

Láti ìgbà náà ni Rọra ti ń yà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ nílé bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Á jókòó sídìí ibùsùn, á fi èékánná tẹ àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà níkọ̀ọ̀kan.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lára?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi."

Á tún tẹ òmíràn. Ẹni tí ìdákẹ́jẹ́ dùn mọ́ nínú tẹ́lẹ̀ rí ló wá ń wá ariwo kiri lẹ́sẹ̀ ẹlòmíì. Ohun tó sì ń yà á lẹ́nu ni pé ara Àbúrò yá ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń ṣàwàdà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sùn láàárín ọ̀rọ̀.

Ìyàwó Àbúrò ló rídìí rẹ̀. Gbọ̀ọ̀rọ̀ kì í ṣàìwá kí wọn, kì í sì í wá láìmú búrẹ́dì dání. Ọjọ́ kan tí obìnrin náà gbọn ọ̀rá búrẹ́dì dànù, hóró pupa bọ́ sílẹ̀. Gbọ̀ọ̀rọ̀ kò ní in lọ́kàn láti ṣe é ní ibi. Ó ní òun kò lè máa wá kí ọ̀rẹ́ òun lọ́wọ́ òfo. Obìnrin náà ránṣẹ́ pe Rọra.

"Bọ̀dá, ẹ wá bá mi wo ọmọ ìyá yín," ló wí lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi ò lọ́rọ̀ mọ́."

Rọra kò jókòó. Ó na hóró oògùn náà sí Àbúrò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ni Àbúrò wí. "Irin nìkan ló kù tó ń gbé mi ró. Láìsí i, mo ti dípẹtà."

"Irin kọ́. Ká ní irin ni, ṣé bí ẹsẹ̀ ẹ ṣe máa rọ nìyẹn? Oògùn tó ń di ara lẹ́nu ni. Àwa la sọ ọ́ lórúkọ tó wù wá."

Àbúrò kọjú sí ògiri.

"Gbọ́ mi," ni Rọra wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Èmi ni mo wà lókè lọ́jọ́ yẹn. Mò ń retí ohùn ẹ. Mo béèrè, o ní irin, mo gbà, torí èmi náà ti gbé tèmi mì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí ẹ wọ́. Títí di òní, mo ṣì ń retí ohùn ẹ. Ẹ̀rù ń bà mí, Àbúrò."

Àbúrò kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà láyé. Ó yíjú kúrò lára ògiri.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ló wá béèrè. "Ṣé ẹ ti jáwọ́?"

Rọra tọwọ́ bọ àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó mú ọ̀rá kékeré kan jáde, ó sì gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú hóró ti àbúrò rẹ̀. Ìyàwó Àbúrò wo ọ̀rá àti hóró náà, ó wo àwọn méjèèjì, ó mi orí, ó sì jáde lọ síta.

Wọ́n jọ lọ bá dókítà. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù bó ṣe là á sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ó rọrùn, irọ́ ló ń pa. Orúnkún Rọra jí bí ọmọ tí wọ́n fi tipátipá jí lójú oorun. Ó ń kérora bó bá ń wọ ọkọ̀, ó ń kérora bó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò ń làágùn, ó ń sunkún láìnídìí, ó sì ń kọ oúnjẹ. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á máa jiyàn lórí ẹni tí ìyà ń jẹ jù.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ìyàwó Àbúrò wí lọ́jọ́ kan, "bí ìkérora ṣe pọ̀ tó nílé yìí, ẹ̀yin náà ẹ tètè sọ ẹrù kalẹ̀ kí n lè sùn."

Níbi iṣẹ́, Rọra fòfin de orúkọ náà. Ẹni tó bá ti ní irin ni òun, ìrọ̀rí ni yóò máa gbé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó sì tún fi kún òfin àtijọ́: bí wọ́n bá ti dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yà, wọ́n á sọ ẹrù kalẹ̀, ẹnikẹ́ni ì báà kérora tàbí kó má kérora. Ó bẹ Gbọ̀ọ̀rọ̀ pé kó jẹ́ káwọn jọ lọ bá dókítà. Gbọ̀ọ̀rọ̀ bá a lọ lẹ́ẹ̀kan, kò padà mọ́. Ó wà lọ́dọ̀ àwọn akẹ́rù mìíràn báyìí, àwọn tó ń yára. Bí ọkọ̀ wọn bá pàdé ti Rọra lójú títì, á na ọwọ́ gbọọrọ yẹn jáde lójú fèrèsé, á máa jù ú sí wọn. Àwọn oníbàárà kan ní Rọra ti ń falẹ̀ jù, wọ́n sì pe ẹlòmíì.

Gbogbo ìyẹn, Rọra lè gbà á. Ẹsẹ̀ Àbúrò ni kò lè gbà. Oògùn ti kúrò lára àwọn méjèèjì, kò sí ohun tó di ara lẹ́nu mọ́, síbẹ̀ ẹsẹ̀ náà kò sọ nǹkan kan. Rọra á tẹ ọmọ ìka, Àbúrò á mi orí. Nígbà tó yá, Rọra ń tẹ̀ ẹ́ láìbéèrè.

Àbúrò ti ń jókòó lórí àga báyìí. Ó tún ti ń fọwọ́ kan iṣẹ́ káfíńtà, ó ń bá àwọn aládùúgbò kan àpótí tó bá ti yẹ̀. Tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, tí wọ́n fi igi líle kàn, wà ní kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn, ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ kó bọ́ sídìí fèrèsé kó lè máa ríran. Rọra ní kí ló wà ńbẹ̀, kí òun àti ìyàwó gbé e. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ọ̀nà. Ó ní kí Àbúrò gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ó di apá kan mú, ìyàwó di apá kejì.

"Rọra," ló wí.

Wọ́n gbé e, wọ́n yí i, wọ́n ń gba iwájú àga Àbúrò kọjá. Ibẹ̀ ni orúnkún ọ̀tún ti ta Rọra.

"Hẹ̀ẹ̀n!"

Ẹni tó bá kérora ni ọ̀gá. Obìnrin náà ti gbọ́ òfin yìí lẹ́nu ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé rẹ̀. Kò béèrè ohunkóhun, kò wo ilẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló sọ apá tirẹ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ tábìlì sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ òsì ọkọ rẹ̀.

"Yéè! Hẹ̀ẹ̀n!"

Gbogbo wọn dúró gbagidi. Rọra kò yíjú padà lójú ẹsẹ̀. Ó mọ ohùn náà. Kò yá jù, kò pẹ́ jù, kì í sì í ṣe ti ebi.

"Kí lo wí?" ló béèrè jẹ́jẹ́.

"Ẹsẹ̀ mi!"

"Èwo?"

"Èyí tẹ́ ẹ gbé tábìlì lé!"

Ìyàwó Àbúrò ti ń wá fóònù kiri pẹ̀lú omijé lójú, fóònù náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Rọra kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó gbá ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ mú.

"Ṣé ó dùn ẹ́ dáadáa?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó dùn mí wọnú eegun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò!"

Rọra ní kó ṣe sùúrù díẹ̀. Ó ní kó kọ́kọ́ ké e lẹ́ẹ̀kan sí i, sókè dáadáa, kí dókítà lè gbọ́ ọ lórí fóònù.